Àpá Ọkọ́ Tí N Kò Rí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irọ́ ṣe ń wọ ẹnu olóòótọ́, kó wá bi mí. Irọ́ kì í kan ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni yóò kọ́kọ́ wọlé, yóò jókòó, a ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ìgbà tí a bá wá ń wá iyọ̀ sí oúnjẹ òótọ́ ni irọ́ yóò ní òun ní díẹ̀ lápò.

Orúkọ mi ni Kọ́ládé. Àgbẹ̀ ni mí ní Òkè-Àkó, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà wa. Èmi ni mo máa ń ka ẹ̀kọ́ kìíní láràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nítorí náà ni gbogbo ìlú ṣe ń pè mí ní Bàbá Ìjọ. Ọdún tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ alágbádá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, nínú oṣù keje, tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n gbàgbé láti dé ojú ọ̀run.

Oko mi àti oko Ìsmáílà ló pààlà. Bàbá mi àti bàbá rẹ̀ ló pa ààlà náà. Pèrègún méjì ni wọ́n gbìn, ọ̀kan lókè lẹ́bàá ọ̀nà, ọ̀kan nísàlẹ̀ létí odò. Kí o dúró ti tòkè, kí o nawọ́ sí tìsàlẹ̀: ọ̀tún ni tèmi, òsì ni ti Ìsmáílà. Kò sí ìwé, kò sí awọnlẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà létí odò yẹn tí bàbá mi máa ń pọ́n àdá sí, ìdí òkúta náà gan-an ni wọ́n gbin pèrègún ìsàlẹ̀ sí. Bí bàbá mi bá pọ́n àdá tán, yóò jókòó sórí òkúta, yóò fẹ̀yìn ti pèrègún, yóò máa fín aáṣáà rẹ̀. Títí dòní, ìlà tí àdá rẹ̀ fà wà lára òkúta náà, wọ́n tò bí ilà ojú.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jẹ́ kí etí odò di igbó, láti ìgbà tí mo ti jábọ́ lórí ọ̀pẹ tí itan mi ṣẹ́. Lọ́dún tí mo fi wà lórí ẹní, Ìsmáílà ló bá mi ro igba ebè iṣu. N kò bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí mo bá a sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́, ó ní kí n dákẹ́, pé ẹni tí kò lè gun ọ̀pẹ ní í máa jábọ́. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí mo lọ fi ẹnu bà jẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo padà sí etí odò kí n ṣán an, kí n fi gbin gbágùúdá. Mo ṣán dé ìdí òkúta, mo gbójú sókè, pèrègún kò sí níbẹ̀. Ó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí òkúta, nínú ilẹ̀ tèmi, ó ń mi ewé rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Poro ebè mẹ́rin ti Ìsmáílà ló sì kọjá òkúta dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣu wọn ti ta, wọ́n dúdú minimini.

N kò ṣán igbó mọ́. Bí mo bá parí igbó ṣíṣán kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ni, n kì bá tí ní ìtàn kankan láti sọ. Mo ki àdá bọ àkọ̀, mo kọjú sílé. Ìrìn wákàtí kan ni. Kí n tó délé, mo ti dá Ìsmáílà lẹ́bi, mo ti fi í sẹ́wọ̀n, mo ti ṣàánú rẹ̀ mo dá a sílẹ̀, mo sì ti tún ọ̀rọ̀ rò mo dá a padà sẹ́wọ̀n.

Mo gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, a sì pàdé níwájú wọn ní ojúde ààfin lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èrò kún. Mo dìde, mo ro ẹjọ́ mi. Mo sọ ti òkúta, mo sọ ti pèrègún. Mo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tì í lẹ́yìn, pé láti ìgbà Mósè ni a ti fi ẹni tó yẹ ààlà ẹnìkejì rẹ̀ gégùn-ún. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Ìgbà náà ni olóyè kan gbé ojú sókè.

"Kọ́ládé, o ní ó hú pèrègún. Ṣé o rí i níbi tó ti ń hú u ni?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ní rárá, kí n jókòó. Gbogbo ojú ń wò mí. Rárá yẹn kéré lójú mi, ó dà bí ẹni tó pe èrò jọ tí kò sì rí oúnjẹ fún wọn. Mo ní:

"N kò bá a níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí àpá ọkọ́ lára òkúta, níbi tó ti fi ọkọ́ gbẹ́ ìdí rẹ̀."

Iyọ̀ díẹ̀ ni. Gbogbo èrò ṣe "hẹ̀n-ẹ́n", mo sì mọ̀ pé oúnjẹ náà ti dùn.

Wọ́n ní kí Ìsmáílà wí tẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mo bá pèrègún ni mo kọ ebè dé. N kò fọwọ́ kàn án." Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá Ìjọ, ṣé ẹ rí àpá ọkọ́ mi lóòótọ́?"

Ẹni tí kì í bá ṣe ará ọ̀dọ̀ wa kò ní mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Nínú èdè ìlú wa, a kì í fi "ẹ" pe ẹnì kan ṣoṣo. "Ùwọ" ni bàbá, "ùwọ" ni ọmọ, "ùwọ" ni ọkọ àti aya, kò sì sí àrífín níbẹ̀. "Ẹ" tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu wa, ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ló fi kọ́ wa. Àlejò la fi ń kí. Èmi àti Ìsmáílà jọ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé lọ́jọ́ kan náà, a jọ jẹ pàṣán lọ́jọ́ kan náà. Kò fi "ẹ" pè mí rí láyé. Ó sọ mí di àlejò níwájú gbogbo ìlú, kò sì pariwo.

Mo ní, "Mo rí i."

Àwọn àgbà fi orí korí. Wọ́n ní àwọn tó gbin pèrègún ti kú, kò sí ẹlẹ́rìí. Kí Ìsmáílà fi Kùráánì búra lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, lójúde mọ́ṣáláṣí. Bó bá ti búra, ilẹ̀ di tirẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Ìsmáílà ní, "Bàbá mi lo ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin láyé, kò búra rí. Èmi náà kò tíì búra. Ṣùgbọ́n bí Bàbá Ìjọ bá ní kí n búra, n ó búra."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìbúra jẹ́ nílùú kékeré. Ẹni tó bá búra, ìdajì ìlú á gbà á gbọ́, ìdajì yòókù á máa retí ikú rẹ̀. Bí orí bá fọ́ ọ lọ́dún kẹta, wọ́n á ní ó ti ń jà. Bí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bá bímọ tí ọmọ kò tètè ké, wọ́n á wo ara wọn lójú. Ẹni tí wọ́n mú búra, kò tún jẹ́ ẹni tí kò búra rí mọ́, bó sì ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó. Ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, nítorí poro ebè mẹ́rin.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo padà lọ parí igbó mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí òkúta, mò ń ṣán lọ sí ọ̀dọ̀ pèrègún. N kò tíì gbé ẹsẹ̀ méjì tí àdá mi fi bá nǹkan, ó dún gbì. Mo fi ọwọ́ tú koríko àti ìtàkùn kúrò. Kùkùté pèrègún ni, ní ìdí òkúta gan-an, níbi tí bàbá mi máa ń fẹ̀yìn tì. Ìdajì gbòǹgbò rẹ̀ ti yọ síta, ó ti gbẹ. Ìdajì ṣì mú ilẹ̀. Igi kò sì parí síbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó nà gbalaja lábẹ́ koríko etí omi tí ebè Ìsmáílà kò dé, ó nípọn tó itan mi. Mò ń tú koríko, mò ń tẹ̀ lé e, ìgbésẹ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ní ìkẹfà, igi náà ta gbòǹgbò tuntun sínú ilẹ̀, ó gbé orí sókè, ó di pèrègún tó ń mi ewé.

Atẹ́gùn ló wó o. Ó lè jẹ́ ìjì ọdún tí páànù ilé ìwé wa ṣí lọ. Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. O gé e, á hù. O jù ú sẹ́yìnkùlé, á hù. Èyí ṣubú, ó sùn díẹ̀, ó sì jí níbi tí orí rẹ̀ bọ́ sí. Kò sí ẹni tó yẹ ààlà. Ààlà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ìgbà tí Ìsmáílà dé, ó bá pèrègún níbi tí pèrègún wà, ó sì kọ ebè rẹ̀ dé ibẹ̀ bí olóòótọ́ ènìyàn.

Mo jókòó sórí òkúta. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe ọpẹ́. Mo wò yíká bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Mo kó koríko tí mo ti ṣán, mo fi bo kùkùté, mo fi bo igi náà láti ìdí dé orí, mo sì lọ sílé.

Ilẹ̀ náà, tèmi ni. Kùkùté yẹn nìkan tó láti gbà á fún mi, kò sí àgbà tí yóò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e wá síwájú ìlú, wọ́n á bi mí pé, bó bá ṣe atẹ́gùn ló wó pèrègún, àpá ọkọ́ tí Bàbá Ìjọ rí ńkọ́? Mo jàre ilẹ̀, mo jẹ̀bi ènìyàn. Ìlà àdá bàbá mi ni mo fi jẹ́rìí èké. Ọkùnrin tó jókòó sórí òkúta náà tó pọ́n àdá, tó fi owó àdá san owó ilé ìwé mi, mo fi àpá ọwọ́ rẹ̀ na ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ara mi kò gbélẹ̀. Ní Ọjọ́rú, mo jẹun, n kò mọ ohun tí mo jẹ. Mo lọ sí gáréèjì, mo wọ takisí Ìkọ̀lé, mo ní mo fẹ́ lọ ra oògùn koríko. Ó ku èrò kan kí ọkọ̀ kún, mo sọ̀ kalẹ̀. Tájù dẹ́rẹ́bà, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé ọ̀dọ̀ wa, na ọrùn jáde.

"Bàbá, ṣé a ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá. Mo gbàgbé nǹkan sóko ni."

Mo lọ sóko lóòótọ́. Mo ṣí koríko kúrò lórí kùkùté, mo wò ó, mo tún bò ó. Mo rìn dé òkè, lẹ́bàá ọ̀nà, mo padà sọ̀ kalẹ̀, mo tún ṣí i. Ẹni tó bá rí mi á ní mo sin nǹkan síbẹ̀. Kò ní jẹ̀bi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a ṣe ìpàdé àdúrà. Màmá Fẹ́yìsetán, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, ẹni àádọ́rin ọdún tí ohùn rẹ̀ kò tíì gbó, ló gbàdúrà sí ọ̀rọ̀ mi. Ó ní, "Olúwa, o mọ ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Títí yóò fi jẹ́wọ́, má jẹ́ kó sùn. Má jẹ́ kó lè jókòó."

Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Àdúrà tó gbà kíákíá tó bẹ́ẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí: nínú gbogbo ilé náà, èmi nìkan ni ìdí mi kò gbé àga.

Ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí n lọ bá Ìsmáílà nílé, kí á fi ìbúra sílẹ̀ láìsọ ti kùkùté rárá. Mo bá Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ lójúde, ó ń sá jálámíà funfun kan.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ìjọ," ni ó wí. "Ẹ wá bá mi wò ó bóyá ó funfun tó. Aṣọ ìbúra ni. Mo ti fi búlúù sí i lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní ó funfun. Mo wọlé. Ìsmáílà jókòó nílẹ̀, ó ń ki irin ọkọ́ bọ igi tuntun. Ṣé kò sí irú iṣẹ́ mìíràn tí ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni?

"Ẹ jókòó, Bàbá Ìjọ."

N kò jókòó. "Ìsmáílà, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìbúra yẹn, jẹ́ kí á fi sílẹ̀. Poro mẹ́rin kò tó nǹkan, máa lò ó. Mo ti dárí jì ọ́."

Òòlù ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ ti ṣe kí ni?"

"Mo ti dárí jì ọ́, bí Olúwa ṣe kọ́ wa."

"Kí ni mo ṣe yín?"

Mo wo ògiri. Mo wo ọkọ́.

Kùdírátù sọ̀rọ̀ láti ìta: "Wọ́n ní àwọn ti dárí jì ọ́, Ìsmáílà. O ò dúpẹ́?"

Ìsmáílà kò rẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìjọ, ẹ gbọ́. Ojúde ààfin ni ẹ ti pè mí ní olè. Àna mi wà níbẹ̀, ọmọ tí mo bí wà níbẹ̀. Ẹ wá dárí jì mí nínú yàrá. Ṣé yàrá yìí fẹ̀ tó ojúde ààfin?" Ó tún gbé òòlù rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n lọ búra. Bí orí bá fọ́ mi lẹ́yìn rẹ̀, ẹ bá mi ra oògùn wá."

Mo délé, mo bá Alice ìyàwó mi lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó.

"Bàbá Fúnmiláyọ̀, kí ló jẹ ọ́ nídìí láti ìjẹta?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mò ń sọ ti kùkùté àti atẹ́gùn, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró lára ẹ̀gúsí. Ìgbà tí mo dé orí àpá ọkọ́ ló gbé igbá sílẹ̀.

"Ìlà àdá bàbá rẹ ni o pè ní àpá ọkọ́ Ìsmáílà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lónìí, o wá lọ dárí jì í."

"Mo fẹ́ kó parí nírọ̀rùn ni."

"Ìrọ̀rùn ta ni?"

Mo ṣa ẹ̀gúsí kan tó bọ́ sílẹ̀. Mo ní, "Alice, bí mo bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n ka ẹ̀kọ́ mọ́."

"Wọ́n á rí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n kà." Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Ibi tí iná ti ń jó ni wọ́n ń da omi sí. O dáná sun ọmọ ènìyàn lójúde, o wá ń bu omi kiri nínú yàrá. Dìde, kí á lọ gbé kùkùté yẹn wá kí ilẹ̀ tó ṣú."

Àwa méjèèjì la lọ. A gé igi náà láàárín, a fi apá kejì sílẹ̀ lára pèrègún tó wà lóòró, kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè lọ wò ó. Apá tí kùkùté wà lára rẹ̀ la gbé wálé. Ó wúwo ju bí mo ti rò lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Alice ká aṣọ ògbólógbòó kan, ó fi ṣe òṣùká fún mi. Ó ràn mí lẹ́rù.

"Mo lè bá ọ gbé e dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí," ni ó wí. "Ẹnu rẹ ni n kò lè bá ọ gbé."

Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ru tèmi gba àárín ìlú kọjá, pẹ̀lú ìyẹ̀pẹ̀ tó ń dà sí mi lọ́rùn. Wọ́n ti kírun tán nígbà tí mo dé. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí ẹní, àwọn àgbà ìlú jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Lèmọ́mù ti mú Kùráánì jáde nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Ìsmáílà dúró níwájú rẹ̀ nínú jálámíà rẹ̀, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún.

Tájù dẹ́rẹ́bà ló kọ́kọ́ rí mi. "Bàbá, ṣé ohun tí ẹ gbàgbé sóko níjelòó nìyẹn?"

"Òun ni," mo ní. Mo kọjú sí Lèmọ́mù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó búra."

Lèmọ́mù fa Kùráánì sẹ́yìn. Kùkùté wà lórí mi síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ bí pèrègún ṣe wó, bó ṣe sùn, bó ṣe jí sínú ilẹ̀ mi. Mo ní kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì bá mi lọ sí etí odò kí ó lọ wo èyí tó kù. Inú gbogbo èrò dùn. Wọ́n ní áà, atẹ́gùn ni. Wọ́n ní Alihamudulilahi. Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í wé Kùráánì padà. Olóyè tó bi mí ní ìbéèrè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn orí, ó ní pèrègún ni wọn ì bá mú búra.

Kò sí ẹni tó béèrè àpá ọkọ́.

Mo dúró níbẹ̀, mò ń retí kí ẹnì kan béèrè. Kò sí. Wọ́n ti gbàgbé. Mo lè sọ ẹrù mi kalẹ̀, kí n bá wọn rẹ́rìn-ín, kí n máa lọ sílé pẹ̀lú ilẹ̀ mi, pẹ̀lú orúkọ mi, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kìíní mi. Ọrùn ń ro mí. Mo wo Ìsmáílà. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí, kò sì bi mí. Mo mọ̀ pé kò ní bi mí títí ayé.

"Ó ku ọ̀rọ̀ kan," mo ní. Ohùn mi ga, mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó ga bíi ti ọjọ́ Àbámẹ́ta. "Mo sọ lójúde ààfin pé mo rí àpá ọkọ́ Ìsmáílà lára òkúta. N kò rí i. Ìlà àdá bàbá mi ni. Mo mọ̀ nígbà tí mò ń sọ ọ́ pé ìlà àdá bàbá mi ni. Ìsmáílà kò jalè. Èmi ni mo purọ́."

Ẹ̀rín tán lójúde náà. Ó tán pátápátá. Ẹnì kan lẹ́yìn wá ṣe "hẹ̀n-ẹ́n", irú èyí tí wọ́n ṣe fún mi lọ́jọ́ kìíní gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò dùn létí mi lọ́tẹ̀ yìí.

Ìsmáílà rìn wá, ó gbá ìdí kùkùté mú. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀ ọ́, Bàbá Ìjọ," ni ó wí, "kó má ba yín lọ́rùn jẹ́."

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. "Ẹ" yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Mo tún un sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Tájù, tó ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Àlùfáà wa gba ẹ̀kọ́ kíkà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta, wọ́n fún Jùwọ́nlọ, tíṣà kékeré kan, ó sì ń kà á jù mí lọ. Màmá Fẹ́yìsetán kí mi lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun ti rí i pé mo lè jókòó báyìí.

Lóòótọ́ ni, mo lè jókòó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé bí a bá ti jẹ́wọ́ tán ni gbogbo nǹkan ń padà sípò, kò tíì ṣẹ ẹni tó ní làákàyè. Ìsmáílà ní òun yóò wa iṣu òun nínú poro mẹ́rin yẹn bí àkókò bá tó, òun yóò sì kúrò. Mo ní kó rí bẹ́ẹ̀. A ń pàdé lọ́nà oko. "Ẹ kú òwúrọ̀, Bàbá Ìjọ." "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìjọ." Oṣù kẹjọ, "ẹ". Oṣù kẹsàn-án, "ẹ". Ìgbà kan wà tó ṣe mí bíi kí n dá a dúró lójú ọ̀nà, kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó bú mi. Alice ní kí n fi ọkùnrin náà sílẹ̀, pé èmi ni mo fi ọjọ́ kan já okùn, n kò lè sọ fún un ọjọ́ tí yóò fi so ó.

Ó di oṣù kẹwàá kí Kùdírátù tó wá sí ilé wa. Ó ní ọkọ òun ti wa iṣu tán, pé ó ń dúró létí odò, kí n máa bọ̀.

Mo bá a lẹ́bàá òkúta. Ó ti gé ẹ̀ka pèrègún kan lára èyí tó wà lóòró, ó fi ewé rẹ̀ sílẹ̀ lórí. Ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, ọkọ́ tó ki bọ igi tuntun lọ́jọ́ tí mo lọ dárí jì í. Kò kí mi. Ó na pèrègún sí mi, mo gbà á. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ibi tí kùkùté ti wà, mo dúró síbẹ̀, mo gbé pèrègún náà lóòró.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó gbẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ́ yẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kò yẹ̀, n kò lè búra. Ó ha òkúta kàràrà. Ìlà funfun kan yọ lára rẹ̀, ó dábùú àwọn ìlà àdá bàbá mi.

Ìsmáílà nàró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn.

"Kọ́ládé," ni ó wí, "bẹ̀rẹ̀ kí o wò ó dáadáa. Báyìí ni àpá ọkọ́ ṣe ń rí."